Àkùkọ Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún pásítọ̀, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Àkúrẹ́ la ń gbé, ṣùgbọ́n oko kòkó ọkọ mi wà ní Bọ́lọ́rundúró. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lọ́nà oko, eegun ojúgun rẹ̀ kán. A ní ká lọ sí ọsibítù, ó fárígá, ó ní wọ́n á gé òun lẹ́sẹ̀. La bá gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun nílùú Oǹdó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣe wọn, ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀. Bàbá ṣẹ́ ẹsẹ̀ àkùkọ pupa kan, wọ́n fi ọparun àti aṣọ dì í bí wọ́n ṣe di ti ọkọ mi. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ìyàwó, tọ́jú ẹ̀ o. Ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ yìí tẹlẹ̀ dáadáa la máa tú tọkọ ẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi nígbà yẹn. Orí ẹní là ń sùn nínú àgbàlá bàbá, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun wà ní títì, àwọn oníbàárà mi ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bí mo ṣe yọ́ lọ sí Àkúrẹ́ nìyẹn. Mo ní mi ò ní pẹ́, mo sì sùn síbẹ̀. Mo ti so àkùkọ yẹn mọ́gi lẹ́yìnkùlé nínú oòrùn, mi ò gbé omi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé, ó ti kú.

Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ní tí adìẹ bá kú, aláìsàn ò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Àwọn àbúrò ọkọ mi á ní èmi ni mo fẹ́ pa á. Mo ju òkú ẹ̀ sígbó, mo sáré lọ ra òmíì tó pupa bákan náà, mo fi ọparun ti àkọ́kọ́ dì í lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, mi ò lè ṣe é. Mo ní ọparun yẹn ṣáà máa jẹ́ kó máa tiro.

Òmùgọ̀ ni mí! Kò pẹ́ tó fi já aṣọ yẹn dànù, tó ń fẹsẹ̀ méjèèjì tú ilẹ̀ káàkiri. Bàbá rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Há! Eegun ọkọ ẹ mà ti jọ o!" Wọ́n tú ọparun ẹsẹ̀ ọkọ mi. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ọkọ mi dìde, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, eegun yẹn tún dá, ó yọ síta lára awọ. Mo gbọ́ ìró ẹ̀.

Nígbà tá a wá gbé e dé ọsibítù, dókítà ní egbò ti bàjẹ́ wọnú eegun, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn. Ọkọ mi ò gbà. Egbò yẹn ò jinná títí dòní, igbó ti bo oko. Àkùkọ yẹn ṣì wà nílé wa, ọkọ mi ò jẹ́ ká pa á. Òun fúnra ẹ̀ ló ń da àgbàdo fún un. Á ní, "Ìwọ ń rìn, èmi ò rìn. Ta ni mo ṣẹ̀?"

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá yẹn wá. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti bàjẹ́. Arúgbó yẹn dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Ọkọ mi kọjú sógiri. Bàbá bá wò mí látilẹ̀: "Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀ bí mo ṣe gbìyànjú tó. Bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo bá wọn bẹ ọkọ mi. Mo ní, "Ẹ forí jì wọ́n, àṣìṣe ni."

Ògiri náà ló ṣì kọjú sí. Bàbá mú ọ̀pá wọn, wọ́n lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá jẹ́wọ́, ìyẹn ò ní wo ẹsẹ̀ yẹn sàn, wọ́n á lé mi, ọkọ mi ò sì lẹ́lòmíì tó ń bá a wẹ egbò. Tí mo bá dákẹ́, bàbá yẹn á gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ sí sàréè. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ọkọ ẹ ríyàwó fẹ́."