Edé Tó Wá Ṣiṣẹ́ ní Wilhelmsburg

Ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí etí mi gbé wálé láti inú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn. Tọkọtaya kan jókòó níwájú mi, wọ́n ń lọ sílé ní Wilhelmsburg. Ọkọ ń sin iyùn ààyè, irú èyí tó ń dàgbà nínú omi òkun, nínú àpótí gíláàsì nílé. Ó gbé ọ̀rá omi lé itan, edé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ ọ́, má fún èyí lóúnjẹ o. Ẹranko òkun tó rí bí òdòdó yẹn, tó ń jó iyùn mi bí èsìsì, ni mo ní kó wá jẹ. Ó ti pa ìdajì wọn!”

“Ṣebí edé àkọ́kọ́ náà rí i, wọn ò fẹnu kàn án.”

“Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fẹnu kàn án? O bu ẹja lílọ̀ fún wọn láàárọ̀, o tún bù ú lálẹ́! Ta ló máa yó báyẹn tí á tún wá iṣẹ́ ṣe?”

“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Berlin dé ni. Kí àlejò wọlé mi, kí n fi ebi kí i káàbọ̀?”

“Edé ni, kì í ṣe èèyàn!”

“Nígbà tí àbúrò yín dé láti Ìbàdàn ńkọ́, ṣé ẹ febi lé e lọ síbi iṣẹ́ ni?”

Ọkọ fa ọ̀rá omi mọ́ra.

“Ìyẹn náà ò tíì ríṣẹ́.”

Nígbà tó yá, mo tún pàdé obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò St. Georg, ó ń ra ẹja, ó sì ròyìn ilé fún mi. Òdòdó burúkú ti jogún àpótí, edé jogún ikùn ńlá, ọkọ jogún omi pípààrọ̀. Àbúrò ọkọ ló jogún àga tó kọjú sí àpótí náà.