Bààmú Tí Ìbòmú Bù Fún Mi

Rárá o, Sístà Fúnkẹ́, mi ò jókòó! Ẹ má fún mi ní àga, ojú mi ni kí ẹ wò! Ẹ mọ̀ mí, mi kì í pariwo, ṣùgbọ́n èmi Nàfísátù ọmọ Ìlọrin, tí bàbá mi ò fi abẹ kàn lójú látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èmi ni mo wá bu bààmú lọ́jọ́ ogbó! Ìbòmú yín ló bù ú fún mi, wallahi!

Wákàtí mẹ́jọ, Sístà! Wákàtí mẹ́jọ ni mo fi nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ibà Lásà láìbọ́ ọ, ìbòmú tó kéré fún mi, tí okùn rẹ̀ ń rẹ́ mi létí bí ẹni ń rẹ́ ilá, nígbà tí mo máa bọ́ ọ, igi imú mi ti bó, ilà kan ti dà wálẹ̀ láti imú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, lọ́tùn-ún, lósì! Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ jókòó níwájú lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìbòmú? Ó ní ká fọjú, ká fi ìpara díẹ̀ pa á, kó gbẹ ká tó wọ nǹkan kan. Ó ní ká lẹ pílásítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ká sì wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń jò létí ìbòmú. Ó ní tó bá ti pé wákàtí méjì, ká jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù kí ojú sinmi. Ta ló wá ti pílásítà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù? Kí lẹ wí? Pé àwọn aláìsàn ló wà fún? Haba! Ṣé ìgbà tí imú mi bá já bọ́ ni mo máa tó di aláìsàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi òrí pa á. Mo pa á nípọn, ìbòmú yọ̀ lọ sábẹ́ àgbọ̀n, mo jẹ̀bi ìyẹn, astagfirullahi. Ṣùgbọ́n ti Màmá Adébánjọ ńkọ́?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Arúgbó Ògbómọ̀ṣọ́ kan ládùúgbò wa ní Angwan Rukuba ni. Mo ń lọ jẹ́jẹ́ mi, mo fẹ́ ra tòmátì, ló bá dì mọ́ mi, ló figbe ta: "Bààmú ilé wa rèé! Ọmọ àbúrò mi tó sọ nù ní tésàn rélùwéè rèé!" Mo ní, "Mà, ìbòmú ni." Ó ní ìyà ló jẹ mí tí mo fi gbàgbé ilé. Mo ní ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń bu bààmú sí, méjì ni tèmi. Ó ní ìyá mi fẹ́ràn mi ni!

Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti kó wọlé mi, Sístà. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn! Tí mo bá ń kírun, á máa kọ orin ìsìn. Warith ọmọ mi ti di Dáníẹ́lì lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí ojú mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í jinná láàárọ̀ yìí, ló bá bú sẹ́kún pé wọ́n ń pa ilé bàbá òun rẹ́. Àwa méjèèjì la jọ sunkún. Ṣé kí n máa dá ojú mi lọ́gbẹ́ kí inú arúgbó lè máa dùn ni?

Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn! Pílásítà, ìbòmú tó bá ojú kálukú mu, ìsinmi wákàtí méjì-méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò kúrò ní... Ẹ̀n? Ta nìyẹn? Kai! Òun ni! Ó tẹ̀lé mi! Ó ti rí Rasheedat àti Jùmọ̀kẹ́, àwọn tí a jọ ń nu ilẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìbòmú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké, ọmọ àbúrò ti di mẹ́ta!

Sístà, kí lẹ̀ ń fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí? Ẹ gbé e kúrò kí n wò ó... Yéè! Hahaha! Allah tóbi! Ẹ dìde, ẹ wá kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ìyá yín. Ọ̀dọ̀ yín ló ń sùn lónìí!