Nọ́ńbà Kan, Aláìsàn Méjì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i, èmi àti ọkọ mi ò jọ ń jẹun mọ́, nọ́ńbà lásán ló sì fà á!

Ṣakí là ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la jọ ń ṣe. Dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn sí Ilua, tó tún ní òmíràn sí Ago-Amodu, ló ní ká bá òun kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn òun sínú kọ̀ǹpútà. Kí la wá fẹ́ fi máa dá wọn mọ̀? Orúkọ kò tó, Ràmọ́tà mélòó ló wà nílùú? Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Fóònù kan ṣoṣo ni odindi agboolé míì ń lò. Ọkọ mi bá ní kí kọ̀ǹpútà ìlú kọ̀ọ̀kan máa ka àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wọlé: ení, èjì, ẹ̀ta, kí ìyẹn sì jẹ́ nọ́ńbà wọn. Ó rọrùn, ó sì tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn.

Àfi ìgbà tí dókítà ní ká da ti ìlú méjèèjì pọ̀. Ìyá àgbà kan wá sí Ilua, nọ́ọ̀sì tẹ nọ́ńbà wọn, ó ní, "Ìyá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ lóyún!" Ìyá bú sẹ́rìn-ín: "Oyún kẹ̀? Àfi bí bàbá wọn bá jí dìde lọ́run!" Àṣé aboyún kan ní Ago-Amodu ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé abẹ́rẹ́ tí ara ìyá yìí kì í gbà kò sí lójú ìwé tí òun ṣí. Ká ní ìyá ò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí. Mo rí i pé kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ ṣa lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀ gbọọrọ, débi pé bí ìlú méjì ò tiẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀, ti ẹnì kan ò ní bá ti ẹlòmíì dọ́gba. Ó yà mí lẹ́nu gan-an! Ọkọ mi kàn wò mí: "Ìyá Fáwàsì, ta ló máa ka ìyẹn fún nọ́ọ̀sì lórí fóònù?" Òótọ́ ni, kò ṣeé pè. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa lo gbọọrọ nínú lọ́hùn-ún, ká fún àwọn aláìsàn ní kúkúrú tí orúkọ ìlú wọn ṣáájú rẹ̀. Ó fárígá, ó ní mo fẹ́ tú iṣẹ́ òun palẹ̀ ni. Bí mo bá fọwọ́ kan nọ́ńbà òun, kí n máa dá a ṣe.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ṣé nọ́ńbà ló ń bí i nínú ni, àbí pé ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà? Torí mi ò lè dákẹ́ kí wọ́n gún ìyá oníyàá lábẹ́rẹ́ ẹlòmíì.