Níyì Ló Yọ Kọ́kọ́rọ́ Náà

Àǹtí Bọ́lánlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bu omi fún mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Níyì àbúrò yín fi ojú èmi Motọ́lání rí, torí tí mo bá jókòó báyìí, ẹkún ni màá fi parí ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí àwa méjèèjì jọ ń kọ́ ní Yábàá? Ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní kì í ṣe ẹyọ kan mọ́, àfi bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ mélòó kan jókòó sínú ẹ̀, àwa la máa kọ bí wọ́n ṣe máa pín iṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tí wọ́n ní ká kọ, ti ilé ìwòsàn ni, láti máa pín ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn. Ó ń yá, àmọ́ ó ń purọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ku àpò kan ṣoṣo, òṣìṣẹ́ kan á wò ó, á ní ó wà. Kó tó mú un, èkejì náà ti wò ó, wọ́n á wá fún ẹni méjì ní àpò kan náà. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà, ìyẹn gan-an ló fẹ́ yà mí ní wèrè. Tí mo bá pe olùkọ́ wá wò ó, á dáa bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan rí. Mo rù, ẹ̀yin náà bi mí nígbà yẹn pé ṣé ara mi ò yá. Kí n tó wá rí i pé kọ́kọ́rọ́ ni mo gbọ́dọ̀ kọ sínú ètò náà, pé ẹni tó bá wọlé á tilẹ̀kùn títí á fi mú tiẹ̀ tán.

Níyì ní kọ́kọ́rọ́ yẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Mo ní kó fà á, ṣé kéèyàn kú ló dáa? Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ tí a máa fi iṣẹ́ hàn, àwọn tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ jókòó, ètò wa ń sáré, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan nínú wọn wá ní ká jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ku díẹ̀. Orúkọ aláìsàn méjì jáde sórí àpò kan, Àǹtí. Ó ní, “Ta ló kọ ibí yìí?” Níyì nawọ́ sí mi, ó ní, “Motọ́lání ni.”

Nígbà tí mo ṣí i wò, kọ́kọ́rọ́ ti lọ. Mo bi í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Ó ń falẹ̀ jù, mo bá yọ ọ́.” Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún o. Olùkọ́ ní kí n má padà wá mọ́, pé gbogbo ẹni tó bá ṣàṣìṣe ló máa ń ní àlàyé. Kí ni kí n sọ fún bàbá mi ní Pápá Àjàó, tí iná iṣẹ́ wẹ́dà ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, tó ń retí kí n ríṣẹ́ kóun lè sinmi?

Ẹ má ní ọmọdé ló ń ṣe é, ọjọ́ orí kan náà la jọ wà. Ẹ ní ó lọ sí Ojú Ẹlẹ́gbà? Bàtà rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mi ò ní kí ẹ nà án, mi ò ní kó bẹ̀ mí. Ẹ ṣáà pè é jáde kó wá pe olùkọ́ lójú wa báyìí, kó sọ pé òun ló yọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tẹ́ ẹní fún mi, mi ò kúrò nílé yín ní Ìpọ̀nrí yìí lónìí.