Àlùmọ́gàjí Bùnmi Tí Mo Gbà Tayọ̀tayọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: ohun tó yẹ kó mú mi figbe ta ni wọ́n fún mi, ijó ni mo sì jó.

Nígbà tí nǹkan le koko, tí ẹ̀bà ilé wa kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ, mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti bá Bùnmi, ẹgbẹ́ mi. Kò sí èyí tí ojú rẹ̀ ò rí lọ́wọ́ mi. Mo ti rán ẹnu báàgì rẹ̀ pa rí, tòun ti àkàrà tó wà nínú rẹ̀! Àmọ́ àlùmọ́gàjí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn láti máa gbé pamọ́ jù, torí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án. Á bọ́ sálúbàtà láti fi nà mí, á lé mi dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, á máa pariwo pé, "Ọmọ ọ̀bọ, dúró!"

Nígbà tó yá, kò lé mi mọ́. Mo so bàtà rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó tú u, kò sọ nǹkan kan. Ó ní òun ti di ẹrù sí àwọn ará ilé òun lọ́rùn. Mo ní, "Ẹrù kẹ̀? Ìwọ tí o tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́?" Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fúnra rẹ̀ fa àlùmọ́gàjí náà lé mi lọ́wọ́. "Gbà, máa fi rántí mi." Àṣé mo ti ṣẹ́gun!

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá wa rán mi lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan ní Oǹdó. Mo yà kí Màmá, ìyá ìyá mi, tí wọ́n rán aṣọ títí ojú fi ń dùn wọ́n. Mo yọ àlùmọ́gàjí, mo ń yangàn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Màmá fò dìde. "Télọ̀ wo ló ń fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ tọrẹ, àfi ẹni tí kò retí ọ̀la? Dìde, òmùgọ̀!" Bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn dé Àkúrẹ́.

Bùnmi ń ká aṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Màmá jókòó tì í, wọ́n bi í gbangba pé, "Ọmọ mi, ṣé ò ń ronú láti pa ara rẹ ni?" Mo rò pé wọ́n ti ba nǹkan jẹ́! Bùnmi wo bàtà ẹsẹ̀ wọn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A ò fi í sílẹ̀ lóun nìkan mọ́. Ìyá rẹ̀ àti ọ̀gá wa mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, ó sì ṣì ń lọ rí dókítà.

Mo dá àlùmọ́gàjí padà. Lánàá, mo tún gbé e pamọ́. Bùnmi wò mí, ó wò mí, ó bọ́ sálúbàtà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ rọra sáré ni!

Ọ̀dọ́ tó bá ṣàdédé dákẹ́, tó wá ń pín ohun tó fẹ́ràn jù, ẹ má gbà á kí ẹ máa jó bíi tèmi. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í. Ẹ̀yìn mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí, inú mi sì ń dùn.