Àwọn Tó Jẹ Àkàrà Sàárà

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìlaròó lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, iwájú ni mo jókòó sí, obìnrin méjì tí mi ò mọ̀ rí sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

Èyí àgbà ní, “Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọmú mi l'Abẹ́òkúta léṣìí. Wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀, kí n padà wá lẹ́yìn ọdún méjì.”

“Kókó tí ẹ fi hàn mí lánàá wá ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?”

“Inú oṣù ààwẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn án níbi tí mo ti ń wẹ̀. Mo ní kí ọdún méjì náà pé ná.”

“Ṣé kókó mọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín ni?”

Àgbà rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo ti ṣe sàárà ìdúpẹ́ léṣìí nítorí ohun tí wọ́n sọ fún mi. Mo dín àkàrà, gbogbo àdúgbò jẹ, Alfa ṣàdúrà, a ṣe àmín. Ṣé kí n tún wá jáde pé kókó wà níbẹ̀? Wọ́n á ní irọ́ ni mo fi dúpẹ́.”

Àbúrò pòṣé. “Ohun tí àwọn dókítà rí lọ́jọ́ náà lẹ dúpẹ́ fún, ọpẹ́ yín ò bàjẹ́. Èyí tó yọ lẹ́yìn wọn, ta ni yóò sọ fún wọn bí kò ṣe ẹ̀yin?”

A kọjá àwọn oko ẹ̀gẹ́ kan.

Àgbà ní, “Àwọn tó jẹ àkàrà yẹn ńkọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n jẹ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ojoojúmọ́ lẹ ń gbé ọmú yẹn kiri.”