Orí Àgùntàn Tí Bàbá Mi Gbé fún Yín

Rárá, ẹ jókòó, Bàbá Baysal. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ má wulẹ̀ máa wo fèrèsé, èmi ni mo ṣí i, bí mo sì ṣe fẹ́ kó wà nìyẹn. Òtútù? Òtútù ò pa yín nígbà tí ẹ wà lórí àga Akọ̀wé Kìíní ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, tí gbogbo agbègbè Kara-Archa ń gbọ̀n níwájú yín, ṣé atẹ́gùn fèrèsé kékeré yìí ló máa wá pa yín? Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé kejì gbọ́. Wọ́n kúkú ti ń gbọ́ ná, ọkùnrin yẹn ò la igi mọ́ látìgbà tí mo ti wọlé.

Ẹ ò wá. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá nìyẹn, kò sí òmíràn. Àná la ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi, ẹ ò wá. Sadyrbay tó kú, Sadyrbay darandaran, ẹ mọ̀ ọ́n àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́? Èmi Tologon, ọmọ ẹ̀, ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ̀ mí, ẹ ti ń wo àpò tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi yìí tipẹ́. Ẹ má tíì bi mí ní ohun tó wà níbẹ̀. A máa dé ibẹ̀.

Àná, ìyá mi ò jókòó láti àárọ̀. Ó tẹ́ rọ́ọ̀gì, ó gbé ìkòkò ńlá kaná, àgùntàn kan ṣoṣo tó kù fún wa la pa. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wojú títì. Ta ló wá? Áàfáà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ. Ó ka àdúrà náà bíi pé ajá ń lé e, ó nu ẹnu tí ò fi jẹ nǹkan kan, ó tún gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwọn obìnrin ìdílé ìyá mi wá, ẹ̀yìnkùlé náà ni. Ọkùnrin, kò sí. Ẹyọ kan. Àwọn tí bàbá mi bá wọn gbẹ̀bí ẹran nínú yìnyín, àwọn tí ó bá gbé ọmọ wọn sórí ẹṣin lọ sọ́sibítù, kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀, mo mọ̀. Dosaliev tó wà lórí àga yín báyìí ti sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Ó ní ẹni tó bá ní káàdì ẹgbẹ́ lápò, tí wọ́n bá rí i níbi àdúrà òkú, kó yáa gbé káàdì náà wá sórí tábìlì. Nítorí náà àwọn tó ní káàdì jókòó sílé. Àwọn tí ò ní káàdì náà jókòó sílé, torí ẹ̀gbọ́n wọn ní. Wọ́n jẹun nínú ìkòkò bàbá mi láti kékeré, ẹ wo bí wọ́n ṣe wá san án fún un. Ó dáa, wọ́n ní iṣẹ́, wọ́n ní ọmọ ní yunifásítì, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló kù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, Bàbá? Wọ́n gba àga, wọ́n gba mọ́tò dúdú, wọ́n wá ká wáyà fóònù lára ògiri yín, ihò ẹ̀ rè é lẹ́yìn orí yín. Àbí ihò náà lẹ ń ṣọ́, kí wọ́n má bàa wá gbé ìyẹn náà lọ?

Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, mo lè fọ́ nǹkan.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ yín lórí àga, ta ló kí yín lójú títì? Ẹ sọ ọ́. Àwọn tó ń ti ara wọn ṣubú kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún yín wá ń wojú ọ̀run bíi pé òjò fẹ́ rọ̀. Bàbá mi nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, á di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, á kí yín. Mo bi í, mo ní, "Bàbá, kí lẹ ń jèrè níbẹ̀?" Ó ní, "Irùngbọ̀n ẹ̀ funfun ju tèmi lọ." Ó parí. Ìwé ẹgbẹ́ tí bàbá mi kà nìyẹn, ojú ìwé kan ṣoṣo.

A wá dé orí òkè, níbi ìjẹko. Ẹ mọ ọjọ́ tí mò ń sọ. Dosaliev fẹ́ wá wo àgùntàn, òun àti Gavrilych, Akọ̀wé Kejì. Bàbá mi pa ẹran, ìyá mi bu fódíkà sínú ìkòkò tíì nítorí òfin tó ka ọtí léèwọ̀, Dosaliev tó ṣe òfin náà lágbègbè wa ló sì ń sọ pé tíì náà dùn, kí wọ́n tún bù ú wá. Ibẹ̀ la wà tí ẹ yọ lẹ́nu àgọ́. Ẹ ní ẹṣin yín sọnù. Háà. Ẹṣin yẹn gbọ́n o. Ó mọ ọjọ́ tí ọ̀gá ń bọ̀, ó tún mọ àgọ́ tí wọ́n ti pa ẹran, ó wá lọ sọnù síbẹ̀. Wọn kì í lé àlejò ní àgọ́ wa. Ẹ jókòó.

Ẹ mọ ohun tó kọjú sí bàbá mi nígbà tí ẹran jinná? Orí. Ẹni tí ipò ẹ̀ bá ga jù nínú àgọ́ ni wọ́n ń gbé orí àgùntàn fún, mi ò ní kọ́ yín. Ta ló wá ga jù? Dosaliev ni Kìíní, ọmọ ilẹ̀ wa ni, òun ló ń dé fìlà funfun, òun ló ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle. Àmọ́ Gavrilych ni Kejì, láti Mọ́sìkò ni wọ́n ti ń rán Kejì wá, Kejì kì í sọ̀rọ̀, fóònù ló ń gbé láti pe ibẹ̀. Kìíní á wá, Kìíní á lọ, Kejì á jókòó síbẹ̀ á máa fá irùngbọ̀n ẹ̀. Ẹ wò ó, bàbá mi tó lè ya ọmọ àgùntàn tiwa sọ́tọ̀ nínú òkùnkùn ò mọ ẹni tó máa gbé orí kan ṣoṣo fún. Ó dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, oru ń jó o lójú. Ó wá ṣe bí bàbá tiẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó gbé e fún ẹni tó dàgbà jù. Ó gbé e fún yín.

Mi ò bínú sí ìyẹn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò bínú sí ìyẹn rárá. Kí lẹ ò bá ṣe? Ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, kí ẹ súre, kí ẹ tì í sọ́dọ̀ Dosaliev, kí ẹ ní, "Àlejò òní ló ni ín." Gbogbo àgbà tó lójú nílẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu bàbá mi ti ń là, ó ń retí ẹ̀. Ẹ fa ọ̀bẹ yọ. Ẹ yọ ẹyinjú, ẹ nà án sí Gavrilych, ẹ ní kó lè máa fi ojú rere wò wá. Gavrilych rẹ́rìn-ín, ìyẹn gbọ́ èdè wa ju bó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Ẹ wá gé ahọ́n. Ẹ nà án sí Dosaliev níwájú gbogbo wa, ẹ ní, "Gbà, ọmọ mi, bóyá lọ́jọ́ kan wàá sọ ọ̀rọ̀ tara ẹ, tí kò ní jẹ́ tẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ."

Dosaliev rẹ́rìn-ín. Ó fi ahọ́n náà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, mò ń wo ọ̀fun ẹ̀, bí ẹni ń gbé òkúta mì. Kò wo yín. Bàbá mi ló ń wò. Ẹ̀yin, kí ló tún lè fi yín ṣe? Ẹ ti bọ́ lórí àga tẹ́lẹ̀. Ràkúnmí méjì ń jà, eṣinṣin tó wà láàárín ló kú.

Ẹ fi orí àgùntàn bàbá mi ja ìjà yín. Lójú iná ìyá mi. Ìjà yín pọ̀ débi pé ẹ gbàgbé pé èmi ni mo kéré jù nínú àgọ́ ọjọ́ náà. Etí àgùntàn, tèmi ni. Àgbà á gé e fún ọmọdé kó lè máa gbọ́ràn. Ẹ pín ojú, ẹ pín ahọ́n, ẹ fi etí sílẹ̀ sórí egungun. Kò sí ẹni tí ẹ fẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan, àfi ẹni tí ẹ fẹ́ bú.

Ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀, wọ́n pe ìpàdé. Ẹ̀sùn wo? Wọ́n ní Sadyrbay ń gbé àṣà àwọn olówó ayé àtijọ́ lárugẹ, ó ń pa ẹran fún àsè. Àsè tí àwọn fúnra wọn jẹ. Ọ̀rá ẹ̀ ò tíì gbẹ lẹ́nu wọn. Kò sí ẹni tó dárúkọ ahọ́n. Wọ́n gba káàdì tó gbà nínú kòtò ogun, wọ́n gba agbo ẹran, wọ́n fi í ṣe mẹ́gàádì àwọn katakata tí ò lè rìn. Ta ló fẹ́ jí katakata tí ò lè rìn? Gbogbo ìgbà òtútù, ó ń jókòó síbẹ̀, á kọjú sókè, á máa fọwọ́ wá àpò àyà ẹ̀ tó ti ṣófo. Dókítà ní ọkàn ló pa á. Ó tọ̀nà, dókítà yẹn mọṣẹ́.

Ẹ má gbé ojú kúrò. Mo wà ní gbọ̀ngàn ọjọ́ ìpàdé náà, ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí, níbi iná èédú. Ẹ wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, mo wo ọwọ́ yín. Kò ga. Ó dé ibi etí, bí ẹni tó fẹ́ họ orí. Ṣùgbọ́n ẹ nà án. Mo fi búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì yín yìí búra, ẹ nà án, bàbá mi sì rí i. Ó délé, kò sọ ọ́. Títí ó fi kú, kò sọ ọ́. Ó ṣáà ń bi mí bóyá ẹ ní igi ìdáná tó tó.

Ẹ ní kí ni? Ó ti mọ́ ọwọ́ yín lára? Ẹn, ọ̀rọ̀ gidi ló ti ẹnu yín jáde yẹn. Ìyá mi àgbà máa ń ka àwọn tó ti jókòó lórí àga yẹn fún wa bí ẹni ń ka òkú ilé. Ẹni àkọ́kọ́ gun ẹṣin ẹlẹ́ṣin wá, òun ló kọ́ ìyá àgbà láti kọ orúkọ ara ẹ̀. Igbákejì ẹ̀ nawọ́ lé e lórí pé ọ̀tá ni, lọ́rì wá gbé e ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ họ ojú ẹ̀ kúrò nínú fọ́tò. Igbákejì gorí àga. Àga ò tíì gbóná nídìí ẹ̀ tí lọ́rì náà fi padà wá. Ẹni tó tẹ̀ lé e kó gbogbo ẹṣin wa lọ sógun. Ẹnì kan wá ní ká gbin àgbàdo síbi tí yìnyín kì í ti yọ́, ẹ̀yin lẹ nawọ́ lé ìyẹn lórí, àga sì di tiyín. Ẹ pẹ́ níbẹ̀ débi pé nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé Akọ̀wé Kìíní lorúkọ tí ìyá yín sọ yín. Dosaliev ló ń gbé báàgì yín kiri. Òun náà ló wá nawọ́ lé yín. Ní Frunze tó jẹ́ olú ìlú wa náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, àfi pé àga tibẹ̀ tóbi jù. Ẹ ti nawọ́ léra yín lórí títí, ẹ ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan mìíràn mọ́.

Bàbá mi ò gbé báàgì ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ò fẹ́ àga.

Ó dáa. Ẹ wo inú àpò. Ẹ má sá, kì í ṣe ìbọn, èmi náà ò ya wèrè tó bẹ́ẹ̀. Orí àgùntàn àná ni. Àwo ẹ̀ wà ní àyè àgbà láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀, kò sí ọkùnrin tó máa gbà á. Ìyá mi wá fi aṣọ bò ó bí ọmọ tó sùn. Kò mọ̀ pé mo gbé e wá. Ẹ̀yin ni bàbá mi gbé tiẹ̀ fún, ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ èyí. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ ó wọ kóòtù tó ní àmì ẹ̀yẹ, ẹ ó gun ẹṣin tó gbọ́n yẹn, a ó jọ lọ síbi ibojì, ní ọ̀sán gangan, a ó gba iwájú ọ́fíìsì kọjá. Tí ẹ bá kọ̀, mo máa lọ gbé orí yìí ka àtẹ̀gùn Dosaliev, màá ní ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e wá, pé ahọ́n tọ̀tẹ̀ yìí ṣì kù. Ẹ mọ̀ pé mo lè ṣe é.

Ẹ ti gbé e jáde? Ẹ wo bí... Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe, Bàbá?

Etí ni. Èmi lẹ gé e fún?

Ó ti tutù. Ó le bí awọ bàtà. Ó dáa, ó wà lẹ́nu mi, mò ń jẹ ẹ́, mo ti dákẹ́. Ẹ wí, mò ń gbọ́.

Ẹ tún ń dìde. Kóòtù yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, fìlà yín rè é. Ẹ jẹ́ n bá yín de bọ́tìnnì. Rárá, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Iwájú. Ẹ jẹ́ ká gba iwájú.